Ta Ni Yóò Mú Joey? Àkọsílẹ̀ Ẹjọ́ Ajá Kan ní Ìlú New York

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 2013, obìnrin kan tó ń gbé ní ìlú New York wà ní ìrìn-àjò iṣẹ́, kó sì tó padà dé, ẹnìkejì rẹ̀ ti kó ẹrù jáde nínú ilé tí wọ́n jọ ń gbé. Gẹ́gẹ́ bí ohun tó sọ fún ilé ẹjọ́ lẹ́yìn náà, lára àga àti ohun èlò ilé bá ẹrù náà lọ láìjẹ́ pé òun fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àga kọ́ ló sọ ẹjọ́ yìí di ohun tí àwọn agbẹjọ́rò ṣì ń tọ́ka sí títí di òní. Ọ̀rọ̀ ajá ni. Joey, ajá kékeré onírù dachshund, irú èyí tí ara rẹ̀ gùn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kúrú, kò sí nílé mọ́.

Obìnrin ni àwọn méjèèjì. Òfin ìpínlẹ̀ New York ti fàyè gba irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2011, wọ́n sì ṣe ìgbéyàwó ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 2012, lẹ́yìn tí wọ́n ti jọ ń gbé ṣáájú ìgbà náà. Nígbà tí ẹrù jáde nílé yìí, ìgbéyàwó ọ̀hún kò tíì pé oṣù mẹ́jọ. Orúkọ wọn wà nínú ìwé ìdájọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á, ṣùgbọ́n n kò ní dárúkọ wọn níhìn-ín, nítorí pé ìbànújẹ́ ilé onílé kọ́ ni mo fẹ́ tú síta. Ẹni tó gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù ni màá máa pè ní olùpẹjọ́, ẹni tó kó ẹrù jáde ni màá máa pè ní olùjẹ́jọ́. Ajá nìkan ni màá máa fi orúkọ rẹ̀ pè.

Olùpẹjọ́ sọ pé nígbà tí òun béèrè ibi tí Joey wà, olùjẹ́jọ́ kọ́kọ́ kọ̀ láti sọ ọ́. Nígbà tó yá, ó ní ajá náà ti sọnù mọ́ òun lọ́wọ́ níbi tí òun ti ń mú un rìn nínú Central Park. Ẹni tó bá mọ ọgbà yẹn yóò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó. Ilẹ̀ tó fẹ̀ tó 843 éékà ni, ó kún fún igi, àpáta, adágún omi àti ọ̀nà tó lọ́ síhìn-ín tó lọ́ sọ́hùn-ún, àwọn títì tí ọkọ̀ kì í dáwọ́ dúró lórí wọn sì yí i ká. Ajá tí ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ nílẹ̀, tó bá sọnù sí irú ibẹ̀, olówó rẹ̀ kò ní fojú ba oorun. Àwọn àgbà wa ní ajá tó bá máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, ṣùgbọ́n ti Joey kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí fèrè tí ì bá fun tí Joey ì bá gbọ́ nínú ọgbà náà, nítorí pé kò sọnù síbẹ̀ rárá.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, oṣù kan gérégé lẹ́yìn tí ilé túká, olùpẹjọ́ gbé ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ lọ sí kóòtù. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án, ó tún kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí adájọ́, nínú èyí tó ti béèrè, pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ owó àti ẹrù, pé kí olùjẹ́jọ́ ṣàlàyé ibi tí Joey ti wà láti ọjọ́ tó ti gbé e jáde nílé, pé kí ó dá a padà, àti pé kí kóòtù pàṣẹ pé ọ̀dọ̀ òun nìkan ni kí ajá náà máa gbé. Ọ̀rọ̀ tí òfin máa ń lò fún ọmọ ni ó lò fún ajá nínú ẹ̀bẹ̀ náà, láìfi bò. Inú èsì tí olùjẹ́jọ́ fún ìwé yìí ni òtítọ́ ti jáde. Joey wà láàyè, ara rẹ̀ sì le. Ó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá olùjẹ́jọ́ ní ìpínlẹ̀ Maine, ní ìpẹ̀kun ìhà àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ìrìn ọ̀pọ̀ wákàtí nínú mọ́tò sí ìlú New York.

Mo dúró díẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ibí yìí. Ìbínú lè mú kí ènìyàn kó àga tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan, ìbínú sì lè mú kí ó gbé ajá sá. Ṣùgbọ́n kí a sọ fún ẹni tó fẹ́ràn ajá pé ajá ti sọnù sínú ìgboro, nígbà tí a mọ yàrá tó ń sùn sí, ìyẹn kọjá ìbínú. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bí olùpẹjọ́ ti sọ ọ́, mo rò pé ìwà yẹn nìkan tó ohun tí adájọ́ yóò fi ojú wò tìṣọ́ra-tìṣọ́ra. Síbẹ̀, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni, ó sì yẹ kí a gbọ́ ohun tí àwọn méjèèjì sọ.

Ọ̀rọ̀ olùpẹjọ́ ṣe kedere. Ó ní òun ni òun fi owó ara òun ra Joey ní ilé ìtajà ẹran ọ̀sìn ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2011, nígbà tí ajá náà jẹ́ ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá péré. Ọjọ́ náà ju ọdún kan àbọ̀ lọ ṣáájú ìgbéyàwó. Lábẹ́ òfin New York, ohun tí ènìyàn ti ní kó tó ṣe ìgbéyàwó, tirẹ̀ ni. Kò sí lára ohun tí tọkọtaya yóò pín nígbà tí wọ́n bá kọ ara wọn. Ó fi kún un pé òun ni òun ń náwó lé ajá náà lórí, òun sì ni òun ń tọ́jú rẹ̀ jù.

Olùjẹ́jọ́ kò jiyàn pé olùpẹjọ́ ló sanwó. Ohun tó sọ ni pé ẹ̀bùn ni Joey jẹ́, pé òun ni wọ́n sì fún. Ó ní òun ti ní ológbò kan tẹ́lẹ̀, olùpẹjọ́ ló fi dandan lé e pé kí òun fi ológbò náà fún ẹlòmíràn, Joey ló sì fi tu òun nínú. Mo ń ro ti ológbò yìí gan-an. Kò sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, kò sì sí ẹni tó béèrè ibi tó gbà lọ, ṣùgbọ́n bí ìtàn náà bá jẹ́ òtítọ́, ó fi hàn pé ẹnìkan nínú ilé yẹn ti pàdánù ẹran ọ̀sìn kan rí nítorí ìfẹ́ ẹnìkejì, àti pé Joey wọ ilé náà bí owó ìtánràn. Kì í ṣe ohun kékeré ni kí a wá tún gba ìtánràn náà padà lọ́wọ́ ẹni tí a fi tù nínú.

Olùjẹ́jọ́ tún ní àwọn méjèèjì ló jọ ń náwó lé Joey lórí, pé òun ló sì ń rí sí gbogbo ohun tí ajá náà nílò, ti inú ọkàn àti ti ara. Ó wá mú ẹ̀rí kan jáde tó jẹ́ pé, nínú gbogbo ìwé ẹjọ́ náà, òun ni mo rántí jù: ó ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí òun máa ń sùn lórí ibùsùn àwọn ni ibùsùn Joey máa ń wà. Kò tó gbólóhùn kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti tọ́ ajá rí mọ ohun tó ń sọ. Tí ajá bá jí lóru tí ikùn ń yọ ọ́ lẹ́nu, ọwọ́ ẹni tó sún mọ́ ọn ni imú tútù rẹ̀ yóò kọ́kọ́ kàn. Ẹni yẹn ni yóò wá sálúbàtà nínú òkùnkùn, tí yóò fi okùn sí i lọ́rùn, tí yóò sì bá a sọ̀ kalẹ̀ sí títì ní aago mẹ́ta òru nínú òtútù. Rìsíìtì kò lè sọ ìyẹn fún adájọ́. Lórí èyí ni olùjẹ́jọ́ dúró tó fi sọ pé ire Joey ni kí ó máa gbé lọ ní Maine lọ́dọ̀ ìyá òun, níbi tí ara rẹ̀ ti le, tí ewu kò sí, tí inú rẹ̀ sì ń dùn.

Ọ̀nà méjì tó yàtọ̀ síra pátápátá ni àwọn méjèèjì gbà, ó sì ṣe pàtàkì kí òǹkàwé rí i. Ẹnìkan sọ pé, "Èmi ni mo rà á." Ẹnìkejì sọ pé, "Èmi ni ajá náà mọ̀." Òfin Amẹ́ríkà láti ọjọ́ pípẹ́, etí kan ṣoṣo ló ní, ti ẹni àkọ́kọ́ sì ni ó ń gbọ́. Ojú tí òfin fi ń wo àga ni ó fi ń wo ajá, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá lè fi ìwé ẹ̀rí hàn ni yóò gbé e lọ. Ní Florida, adájọ́ kan fún ọkọ ní ajá tí ń jẹ́ Roddy, ó sì pàṣẹ pé kí ìyàwó máa mú un ní òpin ọ̀sẹ̀ kan nínú méjì, àti pé kí wọ́n máa gba Kérésìmesì rẹ̀ fún ara wọn lọ́dọọdún. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé e ní ọdún 1995. Wọ́n ní dúkìá ni ajá, a kì í ṣètò àbẹ̀wò fún dúkìá, pé àtimáa ṣọ́ àbẹ̀wò àwọn ọmọ pàápàá ti pọ̀ ju agbára kóòtù lọ, áḿbọ̀sìbọ́sí ti ajá. Ní Pennsylvania ní ọdún 2002, ọ̀rọ̀ náà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé tọkọtaya náà ti fọwọ́ ara wọn kọ àdéhùn sílẹ̀ lórí bí wọn yóò ṣe jọ máa rí ajá wọn, Barney. Kóòtù ní àdéhùn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, pé ńṣe ló dà bí ẹni ń ṣètò àbẹ̀wò fún tábìlì tàbí àtùpà.

N kò lè gba ọ̀rọ̀ tábìlì yẹn mọ́ra. Àwọn baba wa náà ka ẹran ọ̀sìn mọ́ ohun ìní, wọ́n gé etí ewúrẹ́ kí wọ́n lè mọ ti ẹnìkọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ta ajá lọ́jà bí wọ́n ti ń ta adìyẹ. Síbẹ̀, wọ́n mọ̀ pé ajá ní ẹni tó ń dá lóhùn. Gbogbo wa la mọ àlọ́ ọdẹ tó há sórí igi nínú igbó, tó fi ohùn rara pe ajá rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Òkémọkéréwú, Òsọpàkàgbọ́mọmì, Ògbálẹ̀gbáràwé, tí àwọn ajá náà sì já okùn nílé tí wọ́n sáré tọ̀ ọ́ lọ. Àlọ́ náà kò sọ ẹni tó ra àwọn ajá wọ̀nyẹn fún wa. Ohun tó sọ ni ẹni tí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó rà á àti ẹni tí ó ń dá lóhùn ni gbogbo ẹjọ́ Joey dá lé.

Ọwọ́ Adájọ́ Matthew Cooper ti ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ New York, ní Manhattan, ni ẹjọ́ náà bọ́ sí, ó sì kọ ìdájọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 2013. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ òtítọ́ tó sì dunni, pé àwọn tó fẹ́ràn ajá wọn sábà máa ń fẹ́ràn wọn títí láé, ṣùgbọ́n pé a kì í fìgbà gbogbo lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa àwọn tó fẹ́ ara wọn. Lẹ́yìn náà ni ó wo ohun tí àwọn kóòtù mìíràn ti ṣe káàkiri Amẹ́ríkà, ó sì rí i pé nínú New York fúnra rẹ̀, àwọn ìdájọ́ kan ti wà tí kò fi ẹran ọ̀sìn wé àga.

Ọ̀kan wáyé ní Queens ní ọdún 1979. Obìnrin kan ṣètò ìsìnkú fún ajá rẹ̀ tó kú, ó ṣí pósí, òkú ológbò ló bá nínú rẹ̀. Adájọ́ ẹjọ́ yẹn ní ẹran ọ̀sìn kò dà bí ohun aláìlẹ́mìí tó kàn ń gba ìfẹ́ láìdá a padà, ó sì pàṣẹ pé kí ilé ìwòsàn ẹranko tó ṣe àṣìṣe náà san 700 dọ́là fún un. Èkejì, tí Cooper gbára lé jù, jẹ́ ti ọdún 1999. Àwọn méjì tó ti jọ gbé ilé kan náà rí ń jà lórí ológbò tí ń jẹ́ Lovey, ẹni tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kò fi ìwé ẹ̀rí ìní parí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ tó kù fún Lovey láyé kò pọ̀ mọ́, ohun tó dára jù fún gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn ni kí wọ́n fi í sílẹ̀ síbi tó ti ń gbé láti ọdún mẹ́rin, níbi tí ó ti gbilẹ̀, tí ó ti fẹ́ràn ènìyàn, tí ènìyàn sì ti fẹ́ràn rẹ̀.

"Ohun tó dára jù fún gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn" ni òṣùwọ̀n tí Cooper mú. Kò gba ti olùjẹ́jọ́ pé ire ajá nìkan ni kí a wò bí a ti ń wo ire ọmọ, nítorí pé ajá kì í ṣe ènìyàn, kò sì ṣeé ṣe láti mọ ohun tó wà nínú ọkàn rẹ̀ bí a ti lè mọ ti ọmọ. Kò sì gba ti olùpẹjọ́ pé kí a wo rìsíìtì kí á sì lọ, nítorí pé Joey ju ẹrù lọ. Bóyá olùpẹjọ́ ló tọ̀nà pé òun fi owó òun rà á, bóyá olùjẹ́jọ́ ló tọ̀nà pé ẹ̀bùn ni, adájọ́ ní ó yẹ kí a gbọ́ ẹ̀rí. Ó yọ̀ǹda ọjọ́ kan gbáko, tí kò gbọ́dọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀, fún ìgbẹ́jọ́ lórí Joey nìkan.

Àwọn kan yóò ní àkókò kóòtù ti ṣòfò. Cooper ti rí wọn tẹ́lẹ̀, ó sì dá wọn lóhùn: bí kóòtù bá lè jókòó láti pinnu ẹni tí yóò máa wa Escalade àti ẹni tí yóò máa wa Ferrari, ẹni tí yóò gba ilé ìgbafẹ́ ní Hamptons àti ẹni tí yóò gba ti Aspen, àyè gbọ́dọ̀ wà fún ẹran ọ̀sìn tí wọ́n fẹ́ràn dénúdénú. Mo fara mọ́ ọn pátápátá. Olówó méjì lè ra Ferrari mìíràn lọ́la. Joey kan ṣoṣo ló wà.

Ìbéèrè tí adájọ́ kọ sílẹ̀ pé òun lè béèrè ní ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ náà ni mo kà sí ọkàn ìdájọ́ yìí. Nígbà tí wọ́n jọ ń gbé, ta ló ń fún Joey ní oúnjẹ, ta ló ń mú un rìn, ta ló ń tún irun rẹ̀ ṣe, ta ló ń gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko? Ta ló ń wà pẹ̀lú rẹ̀ jù lójoojúmọ́? Kí ló dé tí olùpẹjọ́ fi Joey sílẹ̀ fún olùjẹ́jọ́ nígbà tí wọ́n ń pínyà, bí olùjẹ́jọ́ ti sọ? Èyí tó kẹ́yìn, tí adájọ́ fúnra rẹ̀ ní ó lè jẹ́ èyí tó ṣe pàtàkì jù, ni pé: kí ló dé tí olùjẹ́jọ́ fi yàn pé kí Joey máa gbé lọ́dọ̀ ìyá òun ní Maine, dípò kí ó máa gbé lọ́dọ̀ òun fúnra rẹ̀, tàbí lọ́dọ̀ olùpẹjọ́, ní New York?

Ẹ kíyè sí i pé kò sí "ta ló rà á" nínú wọn. Méjì àkọ́kọ́, ọwọ́ ni wọ́n ń béèrè, ọwọ́ tó di okùn ajá mú ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀rí tó ṣeé fojú rí, ẹni tó bá sì wà ní irú ipò yìí ní láti mọ̀ ọ́n: káàdì dókítà ẹranko pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ń gbé ajá wá, orúkọ tó wà lórí ìwé àṣẹ ajá tí ìlú New York ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń sìn ín, orúkọ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún nọ́ńbà tó wà nínú ẹ̀rọ tíńtín abẹ́ awọ ajá, àti ẹnu aládùúgbò tó máa ń pàdé wọn lórí àtẹ̀gùn. Kò sí èyí tó parí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá kó wọn jọ, ojú ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà yóò hàn.

Adájọ́ tún sọ ohun kan tó le. Ó ní ẹni tí òun bá fún ní Joey yóò mú un pátápátá, ẹnìkejì kò ní ẹ̀tọ́ àbẹ̀wò kankan. Kò fi pamọ́ pé ìyẹn lè dà bí ìwà àìláàánú, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀nà yìí nìkan ni ó bọ́gbọ́n mu, nítorí pé tọkọtaya tó bí ọmọ kò lè ṣe kí wọ́n má máa ríra, nígbà tí àwọn méjì yìí kò ní ohun mìíràn tí yóò tún so wọ́n pọ̀. Bí kóòtù bá ń ṣètò òpin ọ̀sẹ̀ ajá, tí agbẹjọ́rò ajá àti onímọ̀ ìwà ajá sì ń wọlé wá jẹ́rìí, àwọn ọmọ tí ẹjọ́ tiwọn wà nílẹ̀ ni yóò jìyà rẹ̀.

Fún ẹjọ́ yìí, mo fara mọ́ ọn. Bí ẹnìkan bá ti lè sọ pé ajá sọnù nígbà tí kò sọnù, mi ò mọ bí wọn yóò ṣe máa fi okùn rẹ̀ lé ara wọn lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì láìjẹ́ pé ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé kí ó jẹ́ òfin fún gbogbo ènìyàn. Àwọn kan wà tó pínyà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, tí ilé wọn kò jìnnà síra, tí ajá sì mọ ilé méjèèjì. Mi ò rí ìdí tí kóòtù yóò fi fa irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ya bí wọ́n ti ṣe ní Pennsylvania.

Òfin pàápàá ti ń rìn láti ìgbà náà. Alaska ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú òfin pé kí adájọ́ ìkọ̀sílẹ̀ wo ire ẹran ọ̀sìn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2017, California náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2019, àwọn méjèèjì sì gbà pé kóòtù lè pàṣẹ kí tọkọtaya jọ ní ẹran náà. Ní Spain, láti oṣù Kìíní ọdún 2022 ni òfin ti gbà pé ẹ̀dá tó ń mọ nǹkan lára ni ẹranko, kì í ṣe ẹrù. Ní New York fúnra rẹ̀, Gómìnà Kathy Hochul fọwọ́ sí àtúnṣe kan ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, èyí tó pa á láṣẹ pé bí kóòtù bá fẹ́ pinnu ẹni tí yóò mú ẹran ọ̀sìn inú ilé nígbà ìkọ̀sílẹ̀, kí ó wo ire ẹran náà. Ọ̀rọ̀ tí olùjẹ́jọ́ sọ ní ọdún 2013 tí adájọ́ kò gbà ti di òfin báyìí, ó sì kan tọkọtaya Yorùbá tó ń gbé ní Bronx tàbí Brooklyn bó ṣe kan gbogbo ènìyàn. Nílé ní Nàìjíríà, òfin tó ń darí ìkọ̀sílẹ̀, Matrimonial Causes Act, kò dárúkọ ẹran ọ̀sìn. Abala 71 rẹ̀ ló sọ pé ire ọmọ ni kí kóòtù fi ṣíwájú, abala 72 ló sọ ti dúkìá, inú abala 72 yìí sì ni ajá yóò bọ́ sí.

Ìwé ìdájọ́ Cooper kò sọ ẹni tí yóò mú Joey. Ohun tó ṣe ni pé ó ṣí ilẹ̀kùn fún ẹ̀rí, ó sì ti fi ibi tí ìṣòro olùjẹ́jọ́ wà hàn án. Bí wọ́n bá bi mí, ti ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn, ti Maine, ni màá sọ. Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ lọ́wọ́ olùjẹ́jọ́ ni ibùsùn kékeré tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí ó ń sọ pé òun ni Joey máa ń gbọ́ èémí rẹ̀ lóru, pé òun ló ń jí tí ajá bá jí. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ní láti ṣàlàyé fún adájọ́ ìdí tí ajá náà fi wá ń sùn nísinsìnyí ní ìpínlẹ̀ mìíràn, nínú ilé tí kì í ṣe tirẹ̀, nígbà tí ẹnìkan wà ní New York tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé e wá fún òun.